Ìpàdé Tí Wọ́n Pè ní Hrvatska Dubica

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1991, àwọn ọlọ́pàá ọlọ̀tẹ̀ ti ẹ̀yà Sẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti gba Hrvatska Dubica, ìlú kékeré kan létí odò Una ní Króátíà, kó àwọn aráàlú jọ sí ilé iṣẹ́ panápaná, wọ́n ní ìpàdé ni. Ẹ̀yà Króáàtì ni ọ̀pọ̀ wọn, arúgbó ló sì pọ̀ jù. Wọ́n ní kí àwọn tí ó jẹ́ Sẹ́ẹ̀bù, tàbí tí ó ní ojúlùmọ̀ láàárín Sẹ́ẹ̀bù, máa lọ sílé. Àwọn tí ó kù lé ní 40. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pa wọ́n nítòsí abúlé Baćin. Ọdún 1997 ni wọ́n tó hú òkú 56 jáde nínú kòtò tí wọ́n sin wọ́n sí; iye náà ju ti Dubica lọ torí wọ́n ti kó àwọn ará abúlé ìtòsí mìíràn mọ́ wọn.

Mo ti ka ìtàn ogun púpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìpàdé yìí ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ní Ìtòkò níbí, l'Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá kéde ìpàdé àdúgbò, àwọn bàbá àti ìyá àgbà ni ó máa ń kọ́kọ́ jókòó, nígbà tí àwa tí ara wa le ṣì ń wá àwáwí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń jẹ́ ìpè ìlú. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Dubica: ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni kò ní ìdí tí yóò fi sá fún ìpàdé.

Ohun tí ó fà á kò díjú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Króátíà kéde pé òun kúrò lára Yugoslavia. Àwọn Sẹ́ẹ̀bù ní agbègbè Krajina nínú Króátíà, tí ológun Yugoslavia ń tì lẹ́yìn, sì fẹ́ ilẹ̀ tiwọn, wọn kò fẹ́ kí Króáàtì kankan kù níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti sá. Ẹni tí ó ní ẹran láti bọ́ àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ ni ó ṣẹ́kù. Lójú tèmi, pípa wọn jẹ́ iṣẹ́ tí a rán sí àwọn tí ó ti sá, pé kò sí ilé láti padà sí.

Ní Lovas, abúlé Króátíà mìíràn lápá Vukovar, aṣọ funfun ni àwọn ológun Sẹ́ẹ̀bù lò: wọ́n pàṣẹ kí Króáàtì kọ́ ọ sí ara ilé, kí wọ́n sì so ó mọ́ apá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, wọ́n kó àwọn ọkùnrin bí 50 jáde láti ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, níbi tí wọ́n há wọn mọ́, wọ́n dà wọ́n sínú pápá tí a ri bọ́ǹbù mọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ níwájú ara wọn. Nígbà tí bọ́ǹbù bú, wọ́n yìnbọn lù wọ́n. Ó lé ní 20 nínú wọn tí ó kú.

Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ àgbáyé fún ọ̀daràn ogun Yugoslavia ní Hague rán Milan Martić, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́pàá Krajina, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 35, ọ̀rọ̀ Baćin sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Ẹ má fi èyí dá ẹ̀yà kan lẹ́bi o. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1993, ọmọ ogun ìjọba Bosnia, orílẹ̀-èdè tí ó bá Króátíà pààlà, pa Króáàtì 22 ní abúlé Trusina. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọ ogun Króáàtì ń pa Mùsùlùmí tí ó lé ní 100 ní Ahmići. Nígbà tí ológun Króátíà sì gba Krajina padà ní 1995, tí àwọn Sẹ́ẹ̀bù gun ọkọ̀ àti katakata sá lọ, àwọn arúgbó kan kò kúrò ní abúlé Varivode. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yìnbọn pa 9 nínú wọn.