Ọmọ wà ní wọ́ọ̀dù, mọ́tò ò ríbi dúró

Ẹ má bínú sí mi pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan kan síbí, ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ gbáko la lò ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ara ọmọ ti ń yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ń fẹsẹ̀ ta mí nígbàkígbà tí fáànù bá ti yí kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi, Àjàní là ń pè é, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i lojú ẹ̀ pọ́n bí ọsàn, àwọn àgbà ilé ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, a sì ń gbé e sí oòrùn, kó tó di pé a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, nǹkan tó ń pọ́n ojú ẹ̀ yẹn ti wọ ọpọlọ. Bó ṣe di CP nìyẹn, ìyẹn cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè darí ara ẹ̀ bó ṣe fẹ́. Kò lè dá jókòó, ọrùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dúró, tó bá ń jẹun oúnjẹ lè gba ọ̀nà òdì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí òtútù àyà ò fi jìnnà sí wa. Ọdún tó kọjá la ra kẹ̀kẹ́ tá a fi ń tì í. Kẹ̀kẹ́ arọ làwọn èèyàn ń pè é, èmi ò kí ń pè é bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ Àjàní ni.

Ọ̀rọ̀ àìsàn kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí ṣá. Ọ̀rọ̀ ibi téèyàn máa páàkì mọ́tò sí ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín, pé ta lọmọ ẹ̀ wà lórí oxygen tó ń ronú páàkì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe yín, ẹni tó bá ti ṣe ló máa yé.

Mainland Èkó níbí náà ni ọsibítù ọ̀hún wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Níwájú ẹnu ọ̀nà ẹmájẹ́ńsì àwọn ọmọdé, wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò ya àwòrán ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, àyè mọ́tò méjì. Dírọ́ọ̀mù dísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà lórí ọ̀kan, orí àwòrán yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lé. Èkejì ni wọ́n ta okùn sí, bàbá sekúrítì kan ló ń ṣọ́ ọ, ó ní àga róbà kan tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan ti kán tó fi búlọ́ọ̀kù tì.

Lóru tá a gbé Àjàní dé, nǹkan bí aago méjì, bàbá yìí ò bi mí ní nǹkan kan. Ó rí bí ìyá ẹ̀ ṣe gbé e mọ́yà níjókòó ẹ̀yìn, ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ṣe ló já okùn sílẹ̀ tó tún sáré wá ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún wa. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láé.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kọ nǹkan fún mi pé kí n lọ rà á wá, mo gbé mọ́tò jáde, mo rà á, mo padà dé, mo fẹ́ wọbẹ̀, bàbá kan náà dìde.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Arọ ọ̀hún dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, èdè tó gbọ́ dàgbà ló ń sọ. Mo ní, "Bàbá, ọmọ tẹ́ ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn fún lóru ni. Ó wà lókè, ní wọ́ọ̀dù."

"Háà, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti wà lókè, kò sí nínú mọ́tò nìyẹn."

Kò pariwo mọ́ mi, kò sì tọrọ owó. Ó kàn dúró síwájú okùn ẹ̀ bí ẹni dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀.

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, àmọ́ nígbà tí mo fara balẹ̀ mo rí i pé òun ló jàre tó bá dọ̀rọ̀ òfin. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá wà ńlẹ̀, òfin 2018 tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó wà níbẹ̀ pé gbogbo ibi tí ará ìlú ń páàkì sí gbọ́dọ̀ ní àyè tí wọ́n sàmì sí fún àwọn àkàndá, pé mọ́tò tó máa dúró síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì lára, àti pé tó bá jẹ́ mọ́tò táwọn ẹlòmíì náà ń lò, bíi Corolla tèmi tó ń gbé gbogbo ilé tó tún ń gbé gáàrì, àfi kí àkàndá ọ̀hún wà nínú ẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹni tí kì í ṣe àkàndá tó bá lọ gúnlẹ̀ síbẹ̀ láìnídìí, fáìnì ₦5,000. Ẹni tó ni páàkì tí ò ya àyè sọ́tọ̀, ₦1,000 lóòjọ́. Ẹgbẹ̀rún kan o! Ẹ gbé e lọ sí bùkà kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa yó. Mo wo àwọn dírọ́ọ̀mù dísẹ́ẹ̀lì yẹn títí, mo ní nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló ní àmì lára. Èkó tiẹ̀ ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, láti 2011 nígbà Fashola, òfin yẹn ló bí LASODA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá. Ìwé ò wọ́n wa ní ìlú yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Leeds, ní England, àbígbẹ̀yìn wọn ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ ń bá a kiri. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá yìí fún wọn lórí WhatsApp, mo rò pé wọ́n máa bá mi bú u ni, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Blue Badge ni wọ́n ń pe àmì páàkì àwọn àkàndá lọ́hùn-ún, páálí aláwọ̀ búlúù tí fọ́tò ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa gbé e síwájú gíláàsì mọ́tò. Ó ti wà láti 1971, ọlọ́sàn ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di búlúù ní 2000. Ní England kò ju £10 lọ. Ọmọ tí ò tó ọdún mẹ́ta náà lè gbà á tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ńlá ò gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, tàbí pé ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí mọ́tò torí ìtọ́jú, láti 2019 sì ni wọ́n ti fẹ òfin ẹ̀ kó lè kan àwọn tí àìlera wọn ò hàn sójú. Gbogbo ẹ̀ dáa. Àmọ́ wọ́n ní, "Àbúrò mi, báàjì yẹn, ọmọ ló ni ín, èmi kọ́, mọ́tò kọ́. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní ọsibítù, tí mo bá sáré lọ wẹ̀ nílé tí mo ń padà bọ̀, páálí lásán ló wà lọ́wọ́ mi." Ẹni tó bá lò ó nígbà tí ọmọ ò sí níbẹ̀, wọ́n lè bu fáìnì tó tó £1,000 lù ú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá sekúrítì náà ni.

Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ rèé: òbí tí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn tó sì ń sùn tì í mọ́jú ní ọsibítù ìjọba ní England, kò ní sanwó páàkì lóru. Kì í ṣe torí báàjì o, torí pé ó jẹ́ òbí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Àwọn èèyàn yẹn jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ká gbé aláìlera sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà, nǹkan kan nìyẹn. Ká sáré kiri nítorí aláìlera tó ti wà nínú ilé, nǹkan míì nìyẹn.

Sísáré yẹn gan-an ló sì pọ̀ jù lọ ní tiwa níbí. Ìyá ẹ̀ ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orí Àjàní kó má baà fún un lọ́rùn ò pọ̀, èmi ni mo wá di ọmọ ọ̀dọ̀. Gíláàfù, síríńjì, ẹ lọ ra dríìpù, ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ láàbù, èyí ò sí, ẹ wá a lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde tí mo tún wọlé, ₦200 ní géètì. Ọjọ́ kan mo dé Ìdúmọ̀tà nítorí oògùn kan ṣoṣo, gosiló mú mi lórí Èkó Bridge ní àlọ, ó mú mi ní àbọ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọjọ́ kẹfà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sínú ìgò kékeré ọlọ́mọrí elésè àlùkò, kò tó ìka ọwọ́ mi, nọ́ọ̀sì fi plásítà kọ orúkọ ẹ̀ sára, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́. Mo ti páàkì sí ẹ̀bá ọ̀nà níta torí inú ọgbà ti kún, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò yìí nínú àpò àyà ṣáàtì mi, mo ń fi ọwọ́ kan bò ó kí oòrùn má baà pa á, mo dé ìdí mọ́tò, wọ́n ti fi irin de táyà. Àwọn mẹ́ta tó wọ ẹ̀wù olómi ọsàn dúró níbẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, mo fa ìgò yọ, mo ní ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi rèé. Ọ̀kan wò ó, ó wo ojú mi, ó ní, "Sà, gbogbo yín lẹ máa ń lẹ́jẹ̀ lọ́wọ́." Ọ̀kadà ni mo gun dé láàbù. Ìgbà tí mo padà ni mo tó sanwó fún wọn, iye ẹ̀ ti ju ti láàbù lọ.

Látọjọ́ yẹn, mi ò fi gbogbo ara gbé mọ́tò jáde mọ́. Mo dara pọ̀ mọ́ àwọn bàbá tó ń sùn sínú mọ́tò ní ẹ̀yìn ọgbà. A pọ̀ o. Bàbá Ìbejì kan wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ ò tóṣù, òun ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, òun ló kọ́ mi pé kí n má gbé gíláàsì sókè pátá, kí n fi àwọ̀n ẹ̀fọn há ojú ẹ̀. Àárọ̀ a ó fi omi inú ọ̀rá bọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Àwa tá a ti ní àyè, a ò fẹ́ gbéra, ẹni tí ò ní àyè wá ń yípo, bẹ́ẹ̀ ọmọ tiẹ̀ náà wà lókè. Bí àyè ò ṣe ń tó nìyẹn.

Mi ò ní kí wọ́n fún mi ní àyè alákàndá nígbà tí Àjàní ò bá sí nínú mọ́tò. Bàbá náà ní ká fi í sílẹ̀, ó sì yẹ ká fi í sílẹ̀, torí lọ́jọ́ kan sí ìkan ìyá kan máa gbé tiẹ̀ dé ní aago méjì òru bíi tèmi. Ṣùgbọ́n ṣé kí mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù má lè kọ bébà kékeré kan ni, kó fi déètì sí i, kó fi òǹtẹ̀ lù ú, pé ọmọ ẹni yìí wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí báyìí, kó má sanwó ní géètì, kó ní ibi dúró fún wákàtí kan? Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọmọ sílẹ̀, bébà kú. Mo sọ ọ́ fún mátírọ́ọ̀nù, wọ́n ní àbá tó dáa ni, kí n kọ ọ́ kí n jù ú sínú àpótí àbá. Mo wá àpótí náà lọ. Àgádágodo ẹnu ẹ̀ ti dípẹtà.

Ọjọ́ tá a máa lọ ilé, èmi nìkan ni mo gbé mọ́tò wọlé, kẹ̀kẹ́ Àjàní wà nínú búùtù tí ò padé tán. Mo ti ń múra ohun tí mo máa sọ fún bàbá. Ó wo búùtù, ó wo mi, ó ní, "Ẹ ti wá mú un?" Kó tó di pé mo dáhùn, okùn ti balẹ̀.

Nígbà tá a gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí lórúkọ ẹ̀. Mo ní Àjàní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ọmọ yẹn, ó ní, "Àjàní, o ò ní padà wá síbí mọ́ o," Àjàní ń dà itọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, ó nasẹ̀ ó ta bàbá ní ìbàdí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ojú ẹ̀ fi ń ṣomi. Ó dúró títí a fi yí mọ́tò, lẹ́yìn náà ó so okùn ẹ̀ padà, ó lọ jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dírọ́ọ̀mù.