"Rude" àti àrífín kì í ṣe ọ̀kan náà

Bí ẹnì kan bá sọ fún ènìyàn ní Ìdúmọ̀tà pé "You are rude", ìjà dé nìyẹn. Ohun tí ẹni náà gbọ́ ni pé wọn kò kọ́ òun nílé. Kò kúkú gbọ́ ọ ṣì pátápátá. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, láti ara rudis: ohun tí a kò tíì ṣiṣẹ́ sí lára, tàbí ẹni tí a kò tíì kọ́. Ibẹ̀ náà ni erudite, tí wọ́n fi ń pe ọ̀mọ̀wé, ti wá. Ọmọ tí a kò kọ́ tí yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, rudis gan-an nìyẹn.

Ibi tí a ti ń ṣì í lò ni pé àrífín ni a fi ń túmọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Òkè ni àrífín máa ń lọ: ọmọdé ló ń rí àgbà fín. Rude ní tirẹ̀ kò mọ àgbà, kò mọ èwe. Ọ̀gá tó ń fi ìka pe mẹ́sẹ́ńjà rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Marina, tí kò kí i, tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, rude ni. A ò lè sọ ní Yorùbá pé ó rí mẹ́sẹ́ńjà fín. Ìwọ̀sí ló fi lọ̀ ọ́. Ó dùn mí pé a kì í sábà rántí ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn àgbà.

Ẹ wo "ẹ" náà. "Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù" ti ní ọ̀wọ̀ nínú. Bí a bá sọ ọ́ di "Give me a form" ní báńkì, ọ̀wọ̀ ti jábọ́ lójú ọ̀nà, nítorí "you" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún àgbà àti ọmọdé. "Could I have a form, please?" ló dá a padà. "Sà" àti "mà" tí àwa ará Èkó ń lẹ̀ mọ́ ìdí gbólóhùn, iṣẹ́ "ẹ" ni wọ́n ń ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ènìyàn wí láìbú u, ẹ má sọ pé "You are rude". Ìwà rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn ń bú. "That was rude" mú ohun tó ṣe yẹn nìkan. "To" ló sì ń tẹ̀lé e: "He was rude to me". Kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà "Don't rude me" kò tọ́.

"Rude joke" ni àwàdà tó ní ìsọkúsọ nínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní bàbá arúgbó kan wà "in rude health", wọn kò bú bàbá o. Ara wọn le koko ni.