Ta ló ń ka ìrìn ọkọ̀ yín ní Houston?

Pátákó oníná tó wà lókè títì márosẹ̀ ní Houston máa ń sọ iye ìṣẹ́jú tó kù kí ẹ dé iwájú. Kì í ṣe àfojúdá. Ẹ̀rọ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ka EZ TAG, ìyẹn táàgì tí ẹ fi ń san owó toll (owó ìlò ọ̀nà) tí ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀, kódà níbi tí wọn kì í ti í gba owó toll. Bí ọkọ̀ bá kọjá níwájú ẹ̀rọ kan, tó sì fi ìṣẹ́jú 6 dé ìkejì tó wà ní máìlì 3 síwájú, eré máìlì 30 ní wákàtí kan ló ń sá. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀. Láwọn ibòmíràn, Bluetooth fóònù àti ti ọkọ̀ ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣòro jù níbẹ̀, àdéhùn ni. TxDOT, iléeṣẹ́ òpópónà ìpínlẹ̀ Texas, ló ni márosẹ̀, ìlú Houston ló ni iná adarí ọkọ̀ àárín ìlú, Harris County, ìjọba ìbílẹ̀ tí Houston wà, ló ni ọ̀nà toll, METRO, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò, ló ni bọ́ọ̀sì. Lọ́dún 1993 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá Houston TranStar, ibùdó ìṣọ́ títì, sílẹ̀. Láti 1996 sì ni wọ́n ti jọ ń ṣọ́ títì nínú ilé kan náà.

Láti 2001, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé agbègbè tó bá fẹ́ fi owó òpópónà ìjọba àpapọ̀ ra irú ẹ̀rọ báyìí gbọ́dọ̀ kọ ètò sílẹ̀: ta ló ń ṣe kí ni, ìròyìn wo ló ń ti ọ̀dọ̀ ta lọ sọ́dọ̀ ta, iṣẹ́ wo ló ṣáájú. Láìsí èyí, iléeṣẹ́ kan á ra pátákó tí kọ̀ǹpútà èkejì kò lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n tún sábà máa ń gbàgbé owó àtúnṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tún ọ̀dà títì ṣe lè gé wáyà tí wọ́n rì sábẹ́ títì láti fi ka ọkọ̀.

Nígbà ìjì Rita, ní 2005, ó lé ní mílíọ̀nù 2 èèyàn tó sá kúrò lágbègbè náà. Kámẹ́rà ń rí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kedere, ṣùgbọ́n ètò láti yí gbogbo ọwọ́ títì sí ọ̀nà àjáde kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ wo máàpù TranStar kí ẹ tó jáde. Ó ń fi ibi tí omi ti lè bo títì hàn. Tí nọ́ńbà ọkọ̀ yín bá yí padà, ẹ tètè yí i nínú àkáǹtì EZ TAG. Ẹ má ṣí táàgì kúrò lára gíláàsì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ míì, bíbàjẹ́ ló máa bàjẹ́.