Ariwo tí mo fowó rà

"Ẹni tó bá ń wá ariwo kiri, ó ní ohun tí kò fẹ́ gbọ́."

Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Màmá kan tó jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sábó ló ń ro ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fún ẹnìkejì rẹ̀: ọmọ náà kì í sùn àfi tó bá ki nǹkan bọ etí, tí orin sì ń han síta níbẹ̀. Wọ́n dé Lágeré, wọ́n gba ṣéńjì wọn, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ òní fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn. Iṣẹ́, òjò díẹ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lálẹ́. Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo gbé wọlé.

Nítorí pé èmi náà ti wá ariwo rí. Mo fowó rà á. Ọdún 2008 le fún mi, láti ọjọ́ tí ìpè kan ti wọlé láti ilé; mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kẹfà ọdún yẹn, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ẹ̀gbọ́n wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n dìde kí n wẹ̀, òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. My Bloody Valentine ni, àwọn olórin tó bẹ̀rẹ̀ ní Dublin ní 1983, tí wọn ò sì jọ gun ìtàgé mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Roundhouse ni wọ́n ti ṣeré náà, ilé roboto kan tí wọ́n kọ́ ní 1847 kí wọ́n lè máa yí orí ọkọ̀ ojú irin padà nínú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pín fóòmù kéékèèké fún wa pé ká fi dí etí. Mo ki í bọ àpò. Ẹ̀gbọ́n wò mí, ó ní, "Àbúrò, fi í sétí." Mo fi í sétí.

Kevin Shields àti Bilinda Butcher, àwọn méjì tó ń kọrin tí wọ́n sì ń ta gìtá nínú wọn, kò fò, wọn ò pariwo. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, gìtá sì bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé orin ìkẹyìn ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Wọ́n pa orin náà tì láàárín, wọ́n di ohùn kan ṣoṣo mú, gìtá, básì, ìlù, gbogbo wọn ń lù ú, wọn ò fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú ń lọ. Ṣòkòtò ń gbọ̀n mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwọn kan jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, etí mi rò pé híhó lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀: ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kọ, bí ẹni pé àwọn èèyàn ń kọrin lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí láti ilé. Mo ké sókè gan-an. Ẹ̀gbọ́n tó dúró tì mí kò gbọ́.

Nítorí náà, màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ nínú yàrá tó dákẹ́, inú ariwo yẹn gan-an ni mo ti gbọ́ ọ.

Àbí...

Nígbà tó yá, mo dá lọ wo àwọn olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kan, Dinosaur Jr. J Mascis, olórí wọn, to àwọn àpótí sípíkà Marshall jọ sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ògiri, ó ń ta gìtá láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ dá wà nínú yàrá ni. Etí mi hó títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí màmá yẹn bá wà níbẹ̀, á rí mi, á sì mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí, nítorí ó ń dùn mí bí mo bá rí àwọn ọmọ kékeré tó ń gbé orí ti sípíkà. Àwọn irun tíntìntín wà nínú etí lọ́hùn-ún tí ń gba ohùn wọlé. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù mọ́. Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo; bó bá tó 85, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá nínú rẹ̀ lójúmọ́. Bó bá ti fi 3 gòkè, ẹ gé àkókò náà sí méjì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. The Who, àwọn olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré ní pápá bọ́ọ̀lù Charlton ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976, ohùn wọn tó 126 níbi tó fi mítà 32 jìnnà sí sípíkà. Ìwé Guinness tó ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ jù lágbàáyé kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó yá wọ́n pa irú ìdíje bẹ́ẹ̀ tì, kí àwọn èèyàn má baà ba etí ara wọn jẹ́. Pete Townshend tó ń ta gìtá fún wọn ti sọ ọ́ ní gbangba pé etí òun ti bàjẹ́. Etí Kevin Shields náà ń hó. Àdúnjù ìlù, yíya ní í ya, etí tó ń gbọ́ ọ náà sì ń ya.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún mi pé ariwo òyìnbó ni, mi ò gbà. BLO ńkọ́, àwọn olórin rọ́ọ̀kì tiwa? Berkley Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu, ní Èkó, láàárín àwọn ọdún 1970. Ofege ńkọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's tó ń mú kí gìtá ké bí nǹkan ṣe ń jóná? Bàtá ńkọ́? Ẹ dúró ti ìyá ìlù bàtá níbi ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, kí èrò há yín mọ́ Ẹnuwá, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ibi tó ti ń lù yín. Àyà ni. Ibi tí gìtá Shields ti lù mí gan-an ni. Mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wo oníjó bàtá, kó ní ó ń sá fún nǹkan.

Bóyá àwọn kan nínú wọn ń sá o. Ta ló bi wọ́n?

Ìṣọ́ òru ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n kọ sípíkà sí ojú fèrèsé mi gẹ́lẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe, inú sì kọ́kọ́ bí mi. Ní báyìí obìnrin kan ti gba máìkì, ó ń pe orúkọ kan ṣoṣo léraléra, kò sọ nǹkan míì, àwọn onílù sì ń lù tẹ̀lé e. Kò dà bí ẹni tó ń sá fún orúkọ náà lójú mi. Mo ń lọ sí fàráńdà.