Ìwàásù Mi Ní Ọ́fíìsì

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ bí àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ bá rí mi lóde, ẹ̀rín ni wọ́n ń kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó kí mi. Ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá kan ni, ní Seattle. Ẹ má bi mí lórúkọ wọn, mo ṣì lè padà lọ tọrọ iṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí láti Àkúrẹ́ mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbélé. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè mí sí gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kò ní sí ọbẹ̀ tòmátì ní ilé ìjẹun wa lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ilé kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ kàn. Àmọ́ líìsì gbogbo òṣìṣẹ́, ìyẹn àdírẹ́sì kan tó ń gbé ímeèlì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, ló fi í ránṣẹ́ sí, ó ju 10,000 èèyàn lọ, títí kan àwọn ará Íńdíà tó ti ń múra oorun. Ká ní ó fi líìsì náà sí BCC, níbi tí wọ́n ń fi àdírẹ́sì àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé sí pamọ́ sí ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀: bí ẹnì kan bá fèsì, ẹni tó kọ ímeèlì náà nìkan ni ì bá rí èsì rẹ̀. "To" ló fi í sí, ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ Reply All, gbogbo wa ló ń bá wí nìyẹn.

Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní, "Ẹ yọ mí kúrò níbí." Ẹlòmíì ní, "Èmi náà." Ẹnì kan ní Dublin béèrè pé, "Ọbẹ̀ wo?" Gbogbo wọn kàwé o, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní PhD.

Ta ni yóò bá wọn wí? Èmi náà ni. Mo fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, mo ṣe ìwàásù: pé ìtìjú ni, pé ẹni tó bá ń tẹ Reply All ló ń dá wa láàmú, kí wọ́n jọ̀ọ́ SINMI. Lẹ́tà ńláńlá ni mo fi kọ ọ́. Mo tún un kà, inú mi dùn sí ara mi. Ni mo bá tẹ Reply All.

Ẹ dúró ná. Látìgbà tí ọ̀gá mi kan ti ní òun ò rí ímeèlì mi ni mo ti tan "read receipt" sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣí lẹ́tà mi, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á wá jíṣẹ́ fún mi pé ó ti ṣí i. Iṣẹ́ wá ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó wà lẹ́nu ìsinmi náà ò gbẹ́yìn, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó máa dá èèyàn lóhùn ń dá mi lóhùn. Mo mọ ẹni tó wà ní Hawaii. Mo mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Mo mọ ọkùnrin kan ní Toronto tó lọ yọ eyín, tí kò ní lè sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Eyín ọkùnrin yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé ojú rẹ̀ ti jinná? Ta ni mo fẹ́ bi?

Títí ọ̀sán, ímeèlì ò lọ, kò bọ̀. Àbúrò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ SINMI yẹn?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Ọ̀gá pátápátá ni, sà."

Mo gbèjà ara mi níwájú ọ̀gá. Mo ní kì í ṣe orí wa ló ti bẹ̀rẹ̀, pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ímeèlì ìdánwò kan dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, tó tó 840,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn náà sì ń fèsì síra wọn. Ọ̀gá wò mí títí. Ó ní, "Ṣé àwọn náà ní oníwàásù?"

Àmọ́ ẹ fi tèmi sílẹ̀. Ẹni tí mi ò tíì dárí jì ni bàbá kan tó ti lọ fún ìsinmi olóṣù mẹ́ta. Gbogbo nǹkan ti rọlẹ̀, wọ́n ti ṣí líìsì tí wọ́n tì padà, nígbà tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ímeèlì láti ìsàlẹ̀, ó kan ìwàásù mi. Ó tẹ Reply All: "Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ arákùnrin yìí pátápátá." Ó wá so fọ́tò ẹja tó pa níbi ìsinmi mọ́ ọn.

Ẹja náà tóbi o. Fọ́tò yẹn sì tóbi jù ú lọ.