Omi tó wà lẹ́yìn ẹja ló ń fi ọwọ́ onífọ́tò hàn

Ohun tó ń kọ́kọ́ fi onífọ́tò abẹ́ omi hàn kì í ṣe ẹja tó yà. Omi tó wà lẹ́yìn ẹja náà ni. Ẹja kan náà ni gbogbo àwọn tó ń mòòkùn ń bá pàdé. Ìjàpá òkun kì í múra lọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bóyá omi ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin, tàbí ó jẹ́ búlúù tó ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tàbí ó mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run àárọ̀, ẹni tó di kámẹ́rà mú ló pinnu rẹ̀. Ìpinnu yẹn, tí èèyàn bá ń ṣe é léraléra tó sì mọ ìdí tó fi ń ṣe é, ló ń di ọwọ́ rẹ̀, bí a ṣe ń mọ ọwọ́ agbẹ́gilére lára ère kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ.

Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá ọwọ́ tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nura gbẹ tán. Ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Inú omi ni iṣẹ́ náà wà.

Omi ń jẹ ìmọ́lẹ̀, pupa ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Ní nǹkan bíi mítà 5, èyí tó pọ̀ jù nínú pupa ti lọ. Àwọ̀ ọsàn ń tẹ̀lé e ní nǹkan bíi mítà 10, àwọ̀ ìyeyè ní nǹkan bíi 20. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé kì í ṣe ìjìn nìkan là ń kà. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì gbọ́dọ̀ lọ bá ẹja, kó sì padà wá bá lẹ́ńsì. Bí ẹja bá wà ní mítà 2 síwájú yín, mítà 4 ni ìmọ́lẹ̀ náà máa rìn nínú omi, pupa rẹ̀ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí fíláàṣì kò fi wúlò púpọ̀ kọjá mítà 1 àti ààbọ̀, bó ti wù kí agbára rẹ̀ tó. Nígbà tí W. H. Longley, onímọ̀ nípa ẹja, àti Charles Martin, onífọ́tò ìwé ìròyìn National Geographic, ya fọ́tò aláwọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ omi ní 1926, ní etíkun Florida, ìyẹ̀fun magnesium ni wọ́n ní láti dáná sí lójú omi kí ìmọ́lẹ̀ tó lè tó wọn lò. Iná tí kò ṣeé tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún ni. Tiyín wà lórí apá tí ẹ lè yí bó ṣe wù yín, ibẹ̀ ni ọwọ́ yín ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò méjì nínú ẹyọ kan

Bí ẹ bá lo fíláàṣì lábẹ́ omi, fọ́tò méjì lẹ ń yà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn ló ń ya omi ẹ̀yìn, fíláàṣì ló ń ya ohun tó wà nítòsí. Fíláàṣì máa ń tàn kó sì kú kí shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, tó pa dé, nítorí náà ìyára shutter kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹja. Omi ló kàn. Ihò lẹ́ńsì ń kan méjèèjì, agbára fíláàṣì sì ń kan ẹja nìkan. Ẹni tí èyí bá yé dáadáa ti kọjá ìdajì ọ̀nà.

Ẹ pa fíláàṣì ná. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 200, ihò lẹ́ńsì sí f/8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i), kí ẹ kọjú sí omi tó ṣófo, kí kámẹ́rà gbé ojú sókè díẹ̀. Ẹ ya ẹyọ kan ní ìyára shutter 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, òmíràn ní 1/125, ẹ̀kẹta ní 1/250. Omi kan náà á jáde lọ́nà mẹ́ta: àkọ́kọ́ á mọ́lẹ̀ yòò, èkejì á jọ ohun tí ojú ń rí, ẹ̀kẹta á ṣú. Ẹ yan èyí tó bá yín lára mu, kì í ṣe èyí tí kámẹ́rà sọ pé ó tọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tan fíláàṣì, kí ẹ sì fi agbára rẹ̀ nìkan tún ẹja ṣe. Bí ẹja bá funfun jù, ẹ dín agbára kù. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan shutter, nítorí ẹ ti fi yan omi tán.

Ààlà kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò lè bá fíláàṣì ṣiṣẹ́ pọ̀ kọjá 1/200 tàbí 1/250. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ìlà dúdú á bo apá kan fọ́tò. Bí omi bá sì mọ́lẹ̀ jù síbẹ̀, ẹ dín ihò lẹ́ńsì sí f/11 tàbí f/13, kí ẹ fi kún agbára fíláàṣì.

Ibi tí kámẹ́rà dojú kọ tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ya ẹja látòkè sísàlẹ̀, kò sí omi kankan lẹ́yìn rẹ̀, àfi iyùn àti iyanrìn, ẹja á sì sọ nù sínú wọn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ bá a dọ́gba tàbí kí ẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbójú sókè pátápátá, gbogbo ayé tó wà lókè omi á kóra jọ sínú òbìrí ìmọ́lẹ̀ kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi dígíírì 97, òkùnkùn á sì yí i ká. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ púpọ̀, irú fisheye, ló lè gbà á tán. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òbìrí yẹn nìkan ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni David Doubilet, onífọ́tò abẹ́ omi ará Amẹ́ríkà, ṣe di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ fọ́tò tí ìdajì rẹ̀ wà lókè omi, tí ìdajì kejì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí iná dúró sí

Omi kì í mọ́ tán. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú rẹ̀, bí fíláàṣì bá kọ lù wọ́n níwájú lẹ́ńsì, á di àmì funfun káàkiri, bí eruku nínú iná mọ́tò lóru. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni fíláàṣì tó sún mọ́ lẹ́ńsì tó sì dojú kọ ẹja ní tààrà. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì jáde bí àgbá tó ń fẹ̀ sí i, ètí àgbá yẹn sì ni ẹ fẹ́, kì í ṣe àárín rẹ̀. Fún ohun tó wà ní mítà 1, ẹ na apá fíláàṣì kọ̀ọ̀kan síta tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí ẹ fà wọ́n sẹ́yìn gíláàsì iwájú kámẹ́rà, kí wọ́n wo iwájú gbọnrangandan tàbí kí wọ́n yà síta díẹ̀. Fún ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fà wọ́n wọlé sí 20 tàbí 30. Bí ẹ bá gbàgbé láti fà wọ́n wọlé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹja á mọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ á ṣú.

Fíláàṣì méjì tó dọ́gba ń fúnni ní fọ́tò tó mọ́, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dára fún ẹni tó ń kọ ìwé nípa irú ẹja, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò hàn níbẹ̀. Bí ẹ bá dín ọ̀kan kù sí ìdajì, ara ẹja kò ní tẹ́ mọ́, bó ṣe rí roboto á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sẹ́yìn ẹja, tó dojú kọ yín láti ẹ̀gbẹ́, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín á yí lẹbẹ rẹ̀ ká. Bí ẹ bá fi ìdérí oníhò kékeré (snoot) bo ẹnu fíláàṣì kí ìmọ́lẹ̀ má ju òbìrí kékeré kan lọ, ojú ẹja nìkan á yọ nínú òkùnkùn. Ìyẹn gba sùúrù, nítorí bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 ṣì í, òkùnkùn nìkan lẹ máa yà.

Ní tèmi o, iná kan ṣoṣo láti òkè ló yẹ kí ẹni tó ń wá ọwọ́ tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú wa ti mọ ìmọ́lẹ̀ tó ń tòkè wá, òjìji tó bọ́ sísàlẹ̀ sì ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: iyanrìn tó wà níwájú ẹja máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣáájú, á sì funfun ju ẹja lọ. Ẹ gbé iwájú fíláàṣì sókè títí tí ètí ìmọ́lẹ̀ á fi kàn fi ara kan orí ẹja. Ẹ rántí pé bí ẹ bá gbé iná lọ sí ìlọ́po méjì ibi tó wà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù, omi á tún jẹ nínú ìyẹn.

Lẹ́ńsì kan, ìrísí méjì

Omi ń mú kí nǹkan jọ pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ni, kó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i. Gíláàsì pẹrẹsẹ ń gé fífẹ̀ lẹ́ńsì kù nítorí èyí. Gíláàsì tó rí bí igbá ń dá a padà, àmọ́ igun fọ́tò kì í mú bí ẹ kò bá dín ihò sí f/8 tàbí f/11.

Lẹ́ńsì macro, èyí tó ń ya ohun kékeré láti ìtòsí, ló ń kọ́ni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í sí f/16, 1/200, ISO 100: oòrùn kò ráyè wọlé, ẹ̀yìn á dúdú, gbogbo ìpẹ́ ara ẹja á hàn. Ẹ wá fi lẹ́ńsì yẹn kan náà sí f/4, kí fíláàṣì wà ní ìsàlẹ̀ agbára rẹ̀: ojú nìkan ló máa mú, ìyókù á yọ́ sínú àwọ̀. Ibi tó mú kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà máa wá ibi tó máa mú fúnra rẹ̀ mọ́, kí ẹ máa fi ara yín sún síwájú àti sẹ́yìn títí ojú ẹja á fi mú. Kò sí ẹni tó lè wo fọ́tò méjèèjì kó sọ pé kámẹ́rà kan náà ni.

Bí ó bá jẹ́ ìrìn ẹja ni ó wù yín, ẹ lo 1/8 sí 1/15, ISO 100, f/16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí fíláàṣì tàn ní ìparí shutter, kí ẹ sì máa gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ẹja bó ṣe ń kọjá. Ibi tí omi ẹ̀yìn bá ti mọ́lẹ̀, ó máa ń yọ láti inú ara ẹja bíi pé ẹja náà jẹ́ gíláàsì. Ibi tó ṣú ni kí ẹ ti ya irú èyí.

Àwọn kan kì í lo fíláàṣì rárá. Iṣẹ́ gidi ni, láàárín mítà 3 sí 15, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, pẹ̀lú gíláàsì pupa níwájú lẹ́ńsì tàbí kí ẹ fi pátákó funfun kọ́ kámẹ́rà ní funfun, kí ẹ sì tún un kọ́ ní gbogbo mítà 3 tí ẹ bá sọ̀ tàbí gòkè. Ẹ má tan fíláàṣì sí gíláàsì pupa. Ohun tó bá wà nítòsí á pọ́n bí ata.

Bí ọwọ́ ṣe ń dúró

Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ kọ ohun mẹ́ta sórí pátákó ọwọ́ yín: lẹ́ńsì wo, ibo ni iná wà, báwo ni omi á ṣe ṣú tó. Ẹ fi mẹ́ta yẹn mòòkùn nígbà mẹ́wàá láìyí ọ̀kankan padà, kódà bí ẹja àbùùbùtán bá kọjá nígbà tí lẹ́ńsì macro wà lára kámẹ́rà. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n ìgbà kẹfà tàbí keje ni ojú ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí lẹ́ńsì yẹn lè ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ fọ́tò 30 jáde ní kékeré, kí ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ẹ wo àwọ̀ omi, ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, bí ẹja ṣe tóbi tó nínú fọ́tò, àti ibi tí ojú rẹ̀ wà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti òsì wá nínú ogún wọn, ó lè jẹ́ ọwọ́ yín, ó sì lè jẹ́ pé apá fíláàṣì ọ̀tún ti le. Ẹ ya òdìkejì rẹ̀ nígbà méjì. Bí nǹkan kan bá ti kúrò nínú fọ́tò náà, tí ẹ sì mọ ohun tó kúrò, àyàn yín ni.

Kò sí ìkankan nínú èyí tó ṣeé ṣe fún ẹni tí kò lè dúró sójú kan láìrì, láìléfòó. Kámẹ́rà tó wúwo ń fa ọrùn ọwọ́ lulẹ̀, fọ́tò á sì mì. Ẹ fi ohun ìléfòó sí apá fíláàṣì títí tí gbogbo ẹrù náà á fi máa rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú omi adágún. Ẹ máa mí gbẹ̀ẹ́rẹ́; ẹ má sé èémí nígbà tí ẹ bá ń lo táǹkì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ̀ nígbà tí ẹ bá gòkè lè ya ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fara kan iyùn, ẹ má sì ṣí ẹ̀dá kankan nípò. Ẹja tí a lé, ìrù rẹ̀ la máa ń yà.

Rọ́bà tó ń dí àpótí kámẹ́rà: ẹyọ irun kan tàbí hóró iyanrìn kan tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣí i.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ máa ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí ẹ sì ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà fún gbogbo fọ́tò. Ẹ má gbìyànjú láti fa pupa jáde lára ohun tó jìn ní mítà 5; kò sí níbẹ̀, àwọn àmì wóróworo nìkan lẹ máa fà jáde. Ẹ ṣọ́ búlúù tó ń yí sí àwọ̀ àlùkò nígbà tí ẹ bá ń mú omi ṣú.

Bí omi bá sì jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí ojú kò ríran kọjá mítà 3, ẹ má sọ ọ́ di búlúù. Ara ẹja á yí padà sí pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹ bá fi ipá ṣe é. Ẹ sún mọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ fi ìwọ̀n funfun (ohun tí kámẹ́rà ń kà sí funfun) sí nǹkan bíi 5500K kí ó bá fíláàṣì mu, kí ẹ dín ìyára shutter kù títí tí ewé náà á fi tàn lẹ́yìn ẹja, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.