Ọmọ mi fẹ́ ṣe Amazone, Ìyá àgbà ní ta ló fẹ́ wá kó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ìwé ló dé, ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣe máa ń rí lásìkò yìí, àwọn ìyá ọmọ á gbàgbé ẹ fún odindi oṣù mẹ́sàn-án, ó wá ku ọ̀túnla wọ́n á kó aṣọ dé tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ jọ̀ọ́ mà, tiwa ò ní pẹ́ yín lọ́wọ́. Lọ́dún yìí ṣá, èmi gan-an wà lára wọn. Madáàmù tó ń kọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní kíláàsì wọn máa jó ijó Amazone, àwọn obìnrin ogun Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, kí kálukú lọ rán aṣọ: bùbá tí ò lápá, yẹ̀rì kúkurú, ìgbànú tí wọ́n to owó ẹyọ sí, àti àdá onígi. Àdá onígi! Inú ọmọ yẹn dùn débi pé kò jẹun alẹ́.

Inú tèmi náà dùn, kí n má purọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé wèrè The Woman King, fíìmù àwọn obìnrin ogun yẹn, ni mí láti 2022 tó ti jáde, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì tún lè wò ó lálẹ́ òní tí iná bá wà. Viola Davis! Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, apá ẹ̀ bí ọmọ odó, ó ń fò, ó ń ṣá èèyàn, ojú ẹ̀ ò sì yẹ̀. Lẹ́yìn tí mo wò ó tán ni mo ní èmi náà fẹ́ ní apá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi kànga fúnra mi, ọjọ́ kẹta ẹ̀yìn ti mú mi. Angélique Kidjo olórin wa náà yọjú nínú ẹ̀, ọmọ Wídà, mo pariwo bí ẹni tó rí àbúrò ẹ̀ lójú títì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a wò ó, inú ṣọ́ọ̀bù ni, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta, lórí tablet tí ọkọ mi yá wa, èyí tí wọ́n fi Faransé tú. Mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé ọrùn léèsì oníbàárà kan, mo ní kí n kàn tẹ̀ ẹ́ kíá, ni ogun bá bẹ̀rẹ̀. Mo gbójú sókè. Òórùn ló pè mí padà. Ihò náà tó owó onírin 100 séfà, ní ọrùn gan-an, níbi tí ojú gbogbo ayé máa kọ́kọ́ dé. Mo gé òdòdó lára èyí tó ṣẹ́ kù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sọ fún obìnrin yẹn pé sítáì tuntun ni. Ó dúpẹ́ dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.

Àárín ogun yẹn náà ni èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bèèrè ọ̀rọ̀ kan. À ń pàtẹ́wọ́ nígbà náà, àwọn obìnrin ń bẹ́ orí, ẹṣin ń ṣubú, ló bá ní, "Àǹtí, àwa dà níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Torí àwọn tí wọ́n ń pa, tá a ń pàtẹ́wọ́ sí pé wọ́n ń pa, Ọ̀yọ́ ni wọ́n, Yorùbá ni wọ́n, Jimmy Odukoya ọmọ Nàìjíríà ló sì ṣe ọ̀gágun wọn. Àwa mẹ́rin tá a jókòó níbẹ̀, ọmọ Kétu pọ́nbélé ni wá, ìlú Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ níbí.

Mi ò ní gbèjà Ọ̀yọ́ o. Òótọ́ ni pé Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọba Ghezo ló sì ní òun ò san mọ́, ní nǹkan bí 1823, ọdún tí fíìmù yẹn fi ìtàn ẹ̀ sí. Ẹni tó ń gun ẹṣin wá gbowó lọ́wọ́ ẹ lọ́dọọdún, tó o bá nà án lọ́jọ́ kan, o ò jẹ̀bi. Ghezo yẹn gan-an ló ń dùn mí. Nínú fíìmù, John Boyega arẹwà ọkùnrin, ó ń ronú bó ṣe máa fi òwò ẹrú sílẹ̀ kó máa ta epo pupa. Ghezo tòótọ́ tà wọ́n títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi wá dí etí òkun mọ́ ọn lójú, ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ síwèé ní 1852. Àwọn obìnrin ogun yìí wà lára àwọn tó lọ bá Abẹ́òkúta jà ní 1851, Ẹ̀gbá lé wọn padà. Wọ́n tún lọ ní 1864, nígbà tí Glèlè ọmọ ẹ̀ ti jọba, Ẹ̀gbá tún lé wọn. Kétu ò rí wọn lé. 1886, Glèlè yìí náà ni. Tí àlejò bá wá bá wa a máa ń mú un lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú, á wo ilẹ̀kùn ńlá, á ya fọ́tò, á ní odi yìí le o. Bẹ́ẹ̀ ni, ó le. Ebi ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n dó ti ìlú títí oúnjẹ fi tán, wọ́n wá sun ún, wọ́n kó èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì.

Kò sí ohun tó sọ èyí nínú fíìmù, mi ò sì retí ẹ̀, fíìmù Amẹ́ríkà ni, South Africa ni wọ́n ti yà á. Ti ilé wa ńkọ́? Ní July 2022, kí fíìmù náà tó jáde, Talon tó jẹ́ ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà ṣí ère Amazone ní Kútọ̀nù, gíga ẹ̀ 30 mítà, ará Ṣáínà kan ló gbẹ́ ẹ. Mo dé ìdí ẹ̀. Mo ya fọ́tò bíi méjìlá, mo gbé e sí WhatsApp, ìyá gbogbo wa rèé. Ọdún yẹn náà ni èmi àti ọkọ mi lọ tò sórí ìlà ní ààfin ààrẹ láti wo ohun ìṣúra ààfin Dàhòmì 26 tí Faransé dá padà ní 2021. Ọkọ mi, ọmọ Fọ̀n láti Bohicon lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbómẹ̀, ṣí fìlà ẹ̀ nígbà tá a dé iwájú ère Glèlè, èyí tó ní orí kìnnìún. Àga ọba ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ pé tiwa ti padà, tiwa ti padà, èmi náà ń sọ ọ́, omijé wà lójú mi pàápàá. Inú ọkọ̀ tá à ń bọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹni tó jókòó lórí àga yẹn nígbà tí wọ́n ń sun ilé bàbá ńlá mi.

Ìjọba wa fẹ́ràn ohun tó bá gbé idà dání. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rèé tí UNESCO ti kéde láti 2001, tí a fi ń bẹ àwọn ìyá wa, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́gẹ̀lẹ̀dẹ́ 30 mítà sí. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ gan-an, ọ̀kẹ́rẹ́ là ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Écureuils, wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù, ní 2022 wọ́n sọ wá di Guépards, ẹranko tó ń sáré yẹn tó jọ àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló gba pẹnáríìtì lé Morocco sílé ní 2019 o.

Ẹ wá wo ilé mi tí Bẹ̀nẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Nàìjíríà. Ní June 2024, ní Abidjan, a fi 2-1 nà wọ́n, ọkọ mi ń jó káàkiri pálọ̀, ó ní, "A nà yín!" Èmi tí mo wọ bùbá yẹ́lò, tí mo ti ń pariwo láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ní October 2025, ní Uyo, wọ́n fi mẹ́rin sódo nà wá, Osimhen nìkan gbá mẹ́ta, ìrìn àjò Ife Àgbáyé parí síbẹ̀. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ó wá wò mí, ó ní, "Àwọn ará yín ti bà á jẹ́ fún wa." Mo ní ta ni ará mi? Èmi tí mo ń sunkún! Bí ó ṣe rí nílé wa nìyẹn, "àwa" àti "ẹ̀yin" ń pààrọ̀ bí owó kpayó, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ yẹn.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló jókòó gbẹ́ àdá ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀, alẹ́ méjì gbáko, ó lẹ bébà dídán mọ́ ojú ẹ̀ kó lè máa kọ mànà. Ó dára ju èyí tí mo rí nínú fíìmù lọ.

Sunday tó ku ọjọ́ márùn-ún ayẹyẹ, mo wọ aṣọ náà fún ọmọ, mo ní ká lọ fi han Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kí wọ́n gbàdúrà fún un. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì ríran. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sá láfún sórí ẹní níwájú. Ọmọ mi dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó gbé àdá sókè, ó pariwo.

Ìyá àgbà wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Wọ́n ní, "Ta ló wá kó?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí mi, mo sì ń wo owó ẹyọ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán mọ́ ìgbànú yẹn, ogójì ni, mo mọ̀ torí mo kà á.

Ìyá ìyá wọn ni Dàhòmì mú. Mo ti mọ̀ pé wọ́n mú ẹnìkan nínú ìdílé, kò sílé tí wọn ò ti mú èèyàn ní Kétu, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ẹni tí Ìyá àgbà sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ẹní kan náà ni. Wọ́n ní ọmọdé ni, kò tíì ju ọmọ mi yìí lọ. Lẹ́yìn tí ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892, àwọn tó kù lára wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn padà wálé, ó ti di ọmọge nígbà yẹn, ilé tó ń wá ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi ní, "Ìyá àgbà, ṣé obìnrin ló mú wọn?"

"Mi ò bi wọ́n. Wọn kì í sọ ìyẹn. Tí wọ́n bá ti ń ka owó ọjà lálẹ́, tí wọ́n rò pé a ti sùn, Fọ̀n ni wọ́n fi ń kà á. Títí wọ́n fi kú."

"Èmi náà lè kà á ní Fọ̀n," ni ọmọ yìí wí. Kò dúró gba àṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan bí bàbá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ń fi orí àdá tọ́ka owó ẹyọ ìdí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á lọ. Mo fẹ́ dá a dúró. Ìgbà tí mo wo Ìyá àgbà, ètè wọn ń mì tẹ̀lé e.

Ó kà dé ogún, ó ṣì í, ó dákẹ́. Ìyá àgbà na ọwọ́, wọ́n ní, "Gbé igi yẹn wá." Ó gbé e fún wọn. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un ní 200 séfà, wọ́n ní ká máa lọ kí òjò tó dé.

Ọjọ́ ayẹyẹ, rúlà gígùn tí mo fi ń gé aṣọ ni ọmọ mi gbé jó láàárín àwọn ọmọ alágbára tó kù. Ó jó dáadáa, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi ti pè láti Bohicon nígbà mẹ́ta pé kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, mo máa fi ránṣẹ́. Àdá ò tíì padà o. Mo kọjá níwájú ilé Ìyá àgbà láàárọ̀ àná, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, bébà dídán ti ya lójú ẹ̀, wọ́n ń fi lé ewúrẹ́ kúrò nídìí láfún.